Àlàáfíà Tí Mo Fi Dáhùn Lórí Rédíò

Abúlé Ìdí-Òro,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 1998.

Rekiat ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le nínú ariwo Ajégúnlẹ̀ yẹn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àgbàrá wọ yàrá rẹ. Ìyá rẹ kí ọ. Ìsìmáílà ọmọ rẹ náà kí ọ, ó sì ń jẹun; mo kọ́kọ́ sọ èyí kí àyà rẹ má baà já sí ohun tó kù.

O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì wa, Oghogho, máa ń bá ọ́fíìsì yín ní Àpápá sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ lè fi iye aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ náà sì ké gbàjarè kí àrùn tó ràn. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó rìnrìn àjò, ó ní kí n bá òun dáhùn, nítorí mo kàwé mẹ́wàá. Cyril tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló kí mi, ó ní Bàbá, ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Mo ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Kí ni ọmọlúwàbí tún ń dáhùn? A kì í da ìròyìn burúkú lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lórí kó tó mu omi. Mo ń retí kó tún béèrè, ni rédíò bá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta ló ń bì tí wọ́n ń ṣu omi, Ìsìmáílà wà nínú wọn, ojú rẹ̀ ti jìn.

Ìyá rẹ béèrè bóyá mo ti sọ fún wọn. Mo ní mo ti kí wọn. Ó na ìka sí Ìsìmáílà.

Mo sáré padà sídìí rédíò, mo ka gbogbo àìsàn abúlé fún Cyril, títí kan orúnkún mi àti ikọ́ tó ń ṣe adìẹ ìyá rẹ. Ó ní Papa, abeg, kọ̀ǹpútà kì í ka orúnkún, àwọn tó ń bì ni kí n tún sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì sọ fún ọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọkọ̀ ìlera ti dé, wọ́n fún àwọn ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n da oògùn sí kànga. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dìde.

Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí tìrẹ. Gbogbo àìsàn Ìjọra Badia àti ti ọ̀dọ̀ wa tó ń wọ inú ẹ̀rọ yẹn, ibo ló ń kó wọn sí? Má jókòó sún mọ́ ọn jù. Bí o bá fọwọ́ kàn án, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Kí o sì bá mi bẹ Cyril pé irọ́ kọ́ ni mo pa fún un, mo kàn ń kí i ni.

Bí owó oṣù bá jáde, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ṣe ìdérí kànga, kí a sì ra bátìrì rédíò, torí ojoojúmọ́ ni mo ń pe Cyril báyìí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n kò mọ irú ọkàn tí mo ní. Lánàá ó tún béèrè bóyá àlàáfíà ni. Mo ní kó dúró ná. Mo lọ yẹ àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá Ìsìmáílà níbi tó ti ń jà du orí ẹja, kí n tó padà wá sọ fún un pé àlàáfíà ni.

Kí ẹ̀rọ yín má rí nǹkan kan kà ní ilé wa láé. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Ọdẹ́yẹmí.