Ọ̀dà tí Wọ́n Fi Kun Ojú Róbọ́ọ̀tì Wa

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
Gàmbàrí, Ìlọrin.
21 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Raudah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Ilé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi Naeem sílẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Kí Ọlọ́run fún gbogbo yín ní àlàáfíà. Ara èmi náà le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ̀wà jóná níṣojú mi láàárọ̀ yìí, n kò mọ̀.

O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama wa bí a ṣe ń to róbọ́ọ̀tì. Mo ṣa àwọn mélòó kan jọ, a di ẹgbẹ́, a sì ń múra ìdíje àwọn ilé ìwé ìlú yìí. Saeedah, ọmọ Àfáà Abdulsobur tó ń kọ́ni ní kéú lẹ́yìnkùlé wa, ni olórí wọn. Òun ló jókòó ti kọ̀ǹpútà títí róbọ́ọ̀tì náà fi mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìlà dúdú láìyà. Bàbá rẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní òun á fi ìdíje yìí wò ó, tí kò bá lérè, kí ọmọ òun fi í sílẹ̀.

Pírínsípà wa wá ní àṣà kan: ohunkóhun tó bá máa jáde ní ọgbà wa, àfi kó wọ àwọ̀ ilé ìwé, àní títí dé orí garawa omi. Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí a lọ kírun, ó pe àwọn tó ń kun géètì, ó ní kí wọ́n kun róbọ́ọ̀tì ní àwọ̀ ewé kó lè dára nínú fọ́tò. Wọ́n kùn ún o! Wọ́n yí i dojú dé, wọ́n kun ojú kékeré méjì tó fi ń wo ìlà mọ́ ọn. Wọ́n dì í sínú páálí, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ tú u àfi tí a bá dé ibi ìdíje.

Ní Sátidé, níwájú èrò, a tú páálí. Saeedah ń fi èékánná ha ọ̀dà, adájọ́ ní àkókò ti tó. Róbọ́ọ̀tì pòòyì, ó pòòyì, ó já bọ́ lórí tábìlì. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ajé, ní ásẹ́ńbílì, pírínsípà gba gbohùngbohùn, ó ní olódo ni Saeedah, òun ló dójú ti ilé ìwé, pé a ò ní fi obìnrin ṣe olórí iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá! Mo bá a ní ọ́fíìsì, mo ní ọ̀dà ló fà á. Ó ní, “Ọ̀dà kẹ̀? Géètì tí a kùn ńkọ́, ṣé kò ṣí mọ́ ni?” Raudah, ó kù díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ tí n kò ní lè kó mọ́.

Saeedah ò wá sí kíláàsì wa mọ́. Lánàá, mo fi kẹrosíìnì nu ojú róbọ́ọ̀tì, mo gbé e lọ bá Àfáà. Mo lẹ ìlà dúdú mọ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Róbọ́ọ̀tì tọ̀ ọ́ dópin. Àfáà ní, “Wọ́n wá fi ọ̀dà dí i lójú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Subuhanallahi! Saeedah, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Bàbá gbà, ọmọ ló kọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ojú gbogbo ilé ìwé ni wọ́n ti pè mí lólódo. Tí wọn ò bá kó ọ̀rọ̀ náà jẹ níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.”

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Màmá, kí o sì fi ẹnu ko Naeem lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi ni ó kàn láti darí ásẹ́ńbílì. Ọwọ́ mi ni gbohùngbohùn máa wà. Tí wọ́n bá lé mi, gbá yàrá kan dè mí.

Èmi ni tìrẹ, nínú ìbínú àti nínú ẹ̀rín,
Kamilah.