Bí Alhája Ṣe Kú Mọ́ Bàbá Rẹ Lọ́wọ́

Ilé Kejì,
Òpópónà Ilé-Ìmọ́lẹ̀,
Ras Gharib,
Íjíbítì.
9 Oṣù Kejìlá, 2018.

Hanadi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Mansoura? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì jẹ́ kí ohùn rẹ ha? Ara èmi le. Ìyá mi náà wà, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí Alhája, kànga epo bàbá rẹ. Òun fúnra rẹ̀ kò ní lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, ìyá rẹ kò sì ní lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ìwọ náà mọ kànga yẹn. Láti kékeré la ti ń gbọ́ tí bàbá rẹ, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Usta Bayoumi nítorí pé ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́, ń pè é ní Alhája, tó máa ń kí i láàárọ̀ kó tó kí ọmọ ènìyàn. Omi tó ń bá epo jáde ló kó bá a. Èépá funfun, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò tí a fi ń se omi tíì, ló ń dí ọ̀nà epo láti ìsàlẹ̀ wá. A da ásíìdì sí i títí, ṣùgbọ́n òkè ni agbára ásíìdì máa ń tán sí, kì í dé ibi tí àrùn wà. Ilé-iṣẹ́ wá sọ pé ìgbìyànjú kan ṣoṣo ló kù. Bí ó bá kùnà, wọn yóò dí kànga náà, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ yóò lọ ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, bàbá rẹ yóò sì lọ jókòó sílé.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ẹ́ńsáìmù dé. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo ní oje kan tí kì í jóni la máa dà sínú kànga, pé ẹ́ńsáìmù yóò máa sọ ọ́ di kíkan díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìwúkàrà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìyẹ̀fun, tí èépá yóò fi yọ́.

"Ìwúkàrà kẹ̀?" ni bàbá rẹ wí. "Ibtisam, ṣé búrẹ́dì la fẹ́ yan fún Alhája ni?"

Sabri awakọ̀ ní kí wọ́n má gbàgbé ẹ̀wà fúùlù tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ o. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fi àwọn aláwàdà yìí sílẹ̀ jàre, ọmọ mi. Ṣé ó máa gbà á là?"

Mo ní lágbára Ọlọ́run, á gbà á là.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Wọn kì í da ohunkóhun sí kànga láìkọ́kọ́ fi ásíìdì fọ táńkì àti páìpù, bí ẹni ń ṣe àlùwàlá kó tó kírun. Wọn kì í sọ ọ́ fúnni, wọ́n kàn ń ṣe é ni. Àwọn tó ṣe ẹ́ńsáìmù náà kò mọ̀. Ẹnjiníà Wagdi tó ti Káírò wá darí iṣẹ́ kò mọ̀. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fọ táńkì yẹn ju bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ lọ, nítorí ìfẹ́ tó ní sí Alhája. Ásíìdì ṣẹ́kù sí ìdí táńkì àti sínú páìpù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì po oògùn ẹ́ńsáìmù náà sí. Ásíìdì líle kì í dá ẹ́ńsáìmù sí, ojú ẹsẹ̀ ló pa á.

A dúró, dúró, kànga ò mí. Wagdi wá ń bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe kan bàbá rẹ, ó ń yangàn ni o. "Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹnjiníà! Ẹ lè mu tíì nínú rẹ̀."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́, Usta?"

Bàbá rẹ dáhùn. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn, Hanadi, ì bá sì sàn kí wọ́n pariwo. Ó wo ojú Wagdi, ó wo tèmi, ó sì mọ̀. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò ní ra ẹ́ńsáìmù mìíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n da sìmẹ́ńtì, ó dúró síbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Èmi ò lè wò ó, mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sunkún.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá rẹ ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo bá a lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri.

"Ibtisam, ká ní mi ò fọ táńkì yẹn, ṣé ìwúkàrà yín ì bá ṣiṣẹ́?"

Mo ti dán ìwọ̀nba oògùn díẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí kò kan táńkì, wò ní yàrá àyẹ̀wò, lórí èépá tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú Alhája gan-an. Èépá náà yọ́ pátápátá.

"Rárá, Bàbá," mo ní. "Èépá yẹn ti le jù. Kò lè ṣiṣẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde jókòó, ó ní kí ìyá rẹ gbé ìrẹsì àti ẹja wá, ó sì jẹ ẹ́. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ pé òun yóò bi ìwọ náà, nítorí ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa irú nǹkan wọ̀nyí nílé-ìwé.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Fi ẹnu kò ọmọ lẹ́nu fún mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ púpọ̀. Bàbá rẹ yóò pè ọ́ láìpẹ́, Hanadi. Ohun tí mo sọ ni kí o sọ, má sì jẹ́ kí ohùn rẹ gbọ̀n.

Tìrẹ ni mo jẹ́ nígbà gbogbo,
Ibtisam