Àwọn Àgbá Tí A Bò Mọ́lẹ̀ ní Ilé Iṣẹ́ Ọ̀dà

Sekondi,
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Ato, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ ní Axim. Mo lérò pé ara rẹ ti le ju bó ṣe wà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ, pé orúnkún rẹ ti ń gbé ọ dé etíkun láti wo àwọn apẹja. Èmi àti Araba wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Esi ọmọ rẹ ló sọ fún mi pé etí rẹ kò gba ọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, pé bí ènìyàn bá bi ọ́ nípa orúnkún, wàá ní o ti jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíró. Ojú rẹ ṣì dára, nítorí náà fúnra rẹ ni kó o kà á. Má fi han ẹnikẹ́ni kó o tó kà á tán.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà wa ti jí. Mi ò ṣàwàdà. Láti ọdún tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, o mọ bó ṣe dà: òrùlé ń jò, àdán gba ilé gogoro tí a ti ń po ọ̀dà, ewúrẹ́ ń sùn ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọn kan ra ilẹ̀ náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọgbà okòwò ìgbàlódé, níbi tí ilé iṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́ láìba omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Wọ́n pe gbogbo àdúgbò sí pápá ilé ìwé. Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà ló bá wa sọ̀rọ̀, obìnrin kan tí kò tí ì pé ogójì ọdún, Ewurama Ghartey ni orúkọ rẹ̀. Bó ṣe na àwòrán iṣẹ́ náà sára ògiri ilé ìwé ni ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ káre! Àwòrán là ń rí lójoojúmọ́, a ò rí ilé rí!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ò purọ́. Ẹ bá mi tọ́jú àwòrán yìí. Bí ẹ ò bá rí ilé lọ́dún márùn-ún, ẹ fi dáná." Ó ká a lóòótọ́, ó gbé e fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n kó tó ká a, mo ti rí nǹkan kan. Lẹ́yìn sítọ̀ àtijọ́ tí a ń kó ẹrù sí, lápá ọ̀nà reluwé, wọ́n ya ilé kékeré kan síbẹ̀, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí nìyẹn. Ó ní, "Ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ni. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á máa gbé ọmọ sí i." Ato, àyà mi já. O mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn.

Mo mọ̀ pé a kò dárúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà, àní láàárín àwa méjèèjì. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, lọ́dún 1986. Gbogbo òṣìṣẹ́ wà nílé, oòrùn mú ganrínganrín. Ọ̀gá àgbà ní kí ìwọ wa katapílà, kí èmi máa yí àgbá. Àgbá mẹ́rìndínlógójì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀dà olójé ló kún inú wọn, májèlé gidi. Ó ní, "Ẹ bò ó, ẹ tẹ ilẹ̀ náà pa, kó tán síbẹ̀." Ó fún wa ní gálọ́ọ̀nù ọ̀dà búlúù kọ̀ọ̀kan, a lọ fi kun ilẹ̀kùn wa, inú wa dùn. Mi ò kọ ọ́ láti dá ọ lẹ́bi. A jọ wà níbẹ̀ ni.

Oṣù méjì ni mo fi gbé e sínú. Wọ́n fi irin gígùn gbẹ́ ilẹ̀ náà wò níbi mẹ́jọ, ìròyìn sì jáde pé ilẹ̀ mọ́, nítorí irin wọn kò kan ibẹ̀. Mò ń rò ó pé bí mo bá la ẹnu, àwọn olówó lè sá, àdúgbò á sì ní èmi ni mo lé iṣẹ́ lọ. Mo tún ń ro tìrẹ. Nígbà tí mi ò lè jẹun mọ́, Araba gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Kobina, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ ọwọ́ ló máa ń bu iyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, kó o máa lọ."

Mo bá Ewurama níbi tí òun àti àwọn lébìrà jókòó sí lórí bíríkì, tí wọ́n ń jẹ dọ̀kọ́nù àgbàdo pẹ̀lú ẹja díndín. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Mò ń retí kó pe ọlọ́pàá.

"Mélòó ni, Bàbá?"

"Mẹ́rìndínlógójì."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọwọ́ yìí ló yí wọn, Màdáámù."

"Ta lẹ jọ wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹnì kan ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀."

Ó ní, "Mi ò wá ẹni tí mo máa mú. Àgbá ni mò ń wá." Ó ṣí akoto orí rẹ̀, ó fi dé mi lórí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ibi tí mo nawọ́ sí, a ò rí nǹkan kan. Àwọn lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ lá àlá?" Òmíràn ní, "Kànga ni Bàbá fẹ́ ká bá wọn gbẹ́!" Ewurama nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ dijú, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń yí àgbá yẹn, kí lẹ kọjú sí?" Mo dijú. Àtẹ̀gùn irin ilé gogoro ni mo kọjú sí. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ògiri ọgbà tí mo fi ń wọn ilẹ̀ kì í ṣe ògiri ìgbà tiwa. Wọ́n ti sún un wọlé nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà reluwé ṣe. A padà wọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kẹrin, òórùn náà jáde kí àgbá tó jáde. O mọ òórùn yẹn. Katapílà dúró, kò sì sẹ́ni tó bá mi ṣàwàdà mọ́.

Oṣù méje ni iṣẹ́ fi dúró. Wọ́n ní kí àwọn lébìrà máa lọ ilé ná. Ọ̀kan nínú wọn bá mi ní ibùdókọ̀, ó pariwo lé mi lórí: "Bàbá tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa rèé! Láti gbogbo ọdún yìí wá lẹ ti panu mọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú pa á mọ́ títí?" Mo bọ́ sínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olówó tó ń dá owó sí i yọwọ́, mo sì rò pé ó ti parí. Àfi bí Ewurama ṣe tún pe gbogbo wa sí pápá. Ó ní, "Ẹ má bú Bàbá Kobina. Èmi ni mo dá iṣẹ́ dúró. Tó bá wù yín láti bú èèyàn, orúkọ mi ò ṣòro pè." Ó wá ní òun ti yọ ilé alájà mẹ́fà onígíláàsì tí wọ́n fẹ́ kọ́ síwájú, èyí tó wu òun jù, kúrò nínú àwòrán. Owó ilé náà ni wọn yóò fi kó ẹ̀gbin náà lọ, ilé àtijọ́ tí àwa lò ni wọn yóò sì tún ṣe. Àwọn kan ṣiyèméjì. Èmi rò ó pé, ẹni tó lè yọ ilé tó wù ú jù kúrò nítorí ọmọ tí wọn ò tí ì bí, ó yẹ kéèyàn dúró tì í.

Mo sì dúró tì í. Àwọn tó wá kó àgbá náà wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Mẹ́fà ti ń jò. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn ju ìdúró èèyàn lọ, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ pátá, wọ́n sì ń yẹ omi kànga àwọn ará ẹ̀yìn reluwé wò fún ọdún kan gbáko.

Ato, ká ní o rí ibẹ̀ báyìí! Bíríkì ògiri tó wó ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà. Sólà ló bo òrùlé sítọ̀ láti igun dé igun, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ níbì kankan. Omi òjò ń wọ inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ kan, òun ni wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n sì fi ń bomi rin igi. Omi ìdọ̀tí tí àwa máa ń dà sí gọ́tà gba àárín eèsún tó ń sẹ́ ẹ kọjá báyìí, ó sì mọ́ débi pé àkèré ti ń ké níbẹ̀. Níbi tí ìwọ ti ń kó ọ̀dà sínú ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ń fi èèpo àgbọn ṣe ẹní. Wọ́n ti kó àdán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kúrò nínú ilé gogoro, wọ́n ti fi fèrèsé ńlá sí i, ènìyàn ń rí òkun láti òkè. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ilẹ̀ náà sára pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà, títí kan ọ̀rọ̀ àgbá. Ewurama bi mí bóyá kí wọ́n dárúkọ. Mo ní kí wọ́n kọ tèmi. Mi ò dárúkọ rẹ, mi ò sì ní dárúkọ rẹ láìjẹ́ pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́, kọ̀wé sí mi. Bó ò bá fẹ́, ọ̀rẹ́ ṣì ni wá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé yẹ́lò náà. Mo lọ jókòó sí iwájú rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ẹní dé, ó pọn ọmọ. Ó dúró, ó wò mí.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ bo àgbá yẹn mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ló ti jáde?"

"Mo wà níbẹ̀ tí mò ń kà á títí tó fi pé."

Ó tún sún mọ́ mi. Ó ń wo ojú mi ṣáá. Lẹ́yìn náà ló tú ọmọ náà sílẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wọlé. Mo ti pẹ́." Ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ọmọ náà wúwo, ó di ẹ̀wù mi mú, kò sunkún. Mo gbé e wọlé.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún rẹ lágbára, kó jẹ́ kí oorun rẹ dùn, kó sì jẹ́ ká tún fojú kan ara wa kí ọdún yìí tó lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ ṣiṣẹ́ gbó,
Kobina Essuman

Àfikún: Bó o bá ń bọ̀, sọ fún awakọ̀ pé kó já ọ sí Ilé Ọ̀dà. Wọ́n ti fún ibẹ̀ lórúkọ tuntun tó gùn bí okùn ìdákọ̀ró, kò sí awakọ̀ kan tó mọ̀ ọ́n. Araba kí ọ, ó ní òun á ti se ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀.