Èmi àti Ìjọba Wọ Bọ́ọ̀sì Lọ sí Bùsà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹjọ, 1984

Ìjọba ti pàṣẹ. À ń lọ sí Bùsà.

Ìjọba ni ìyá ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ – bí ó bá gbọ́, Ṣàgámù kò ní gbà mí mọ́. Lójú rẹ̀, "Ìyá" ni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Ohun tó fà á: Àlímì, dírẹ́bà tó ń bá Ìjọba kó obì títà lọ sókè Ọya, yà sílé lánàá. Ó ní òun rí Fàtáì lórí alùpùpù ní Níú Bùsà, obìnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú gírígírí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ ní Mọ́kwà. Mò ń rẹ́ ilá. Mo rẹ́ ìka mọ́ ọn.

Fàtáì, ọkọ mi – Ọ̀gbẹ́ni Ẹja nínú ìwé yìí – ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan létí adágún Kàǹjì bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Iléyá méjì ti kọjá tí kò wálé. "Iṣẹ́ pọ̀, ẹ máa fi sùúrù bá mi lò." Ẹja wo ni kì í jẹ́ kí èèyàn wálé?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ká sòótọ́, ohun tí a ń lọ ṣe kò papọ̀. Èmi ń lọ wò ó bóyá ó ti fẹ́ ìyàwó kejì. Ìjọba ń lọ sọ fún un pé kó fẹ́ ọ̀kan.

Kò fi pamọ́ fún mi. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti wọlé, ọwọ́ mi ṣì ṣófo. Ó ní ọmọ Alájà kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ó mọ ìwé, ó mọ Kùránì, ìbàdí rẹ̀ sì dára. "Ìyàwó mi, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ o." Mo mọ̀. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun ló ń fún mi lẹ́kọ mu, tó ń nu òógùn ojú mi. Bó bá kórìíra mi ni, ìbá rọrùn.

Bí Ọ̀gbẹ́ni Ẹja bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ Ìjọba dín kù nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ìlọrin. Ilé mọ̀lẹ́bí Ìjọba la sùn sí. Ẹsẹ̀ mi wú bí àkàrà.

Gáréèjì Ṣàgámù láàárọ̀: sójà dúró pẹ̀lú kòbókò, gbogbo èrò tò bí ọmọ iléèwé. Ayé títò la wà báyìí. Ìjọba kò tò. Ó rìn tààrà lọ sẹ́nu bọ́ọ̀sì. Sójà ní, "Màmá, ẹ tò!" Ó wò ó láti bàtà dé fìlà. Bí inú bá ń bí i, ẹnu Rẹ́mọ rẹ̀ máa ń ki sí i. "Èétirí? Ẹ̀yìn ta ni kí n tò sí? Ẹ̀yìn àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn?" Sójà náà bá a gbé ẹrù wọ bọ́ọ̀sì.

Èmi tò.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Apẹ̀rẹ̀ obì ńkọ́? Orí itan mi. Ká tó dé Ìbàdàn, gbogbo bọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ẹja ní gbogbo Nàìjíríà, pé èmi ni ìyàwó rẹ̀, pé n kò tíì bí. Obìnrin kan na ìgò àgbo sí mi láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ní kí n má máa jẹ ohun tútù. Dírẹ́bà náà dá sí i – ó ní ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n òun fi dúró, ìgbà tó máa bí, ó bí ìbejì. Ìjọba ṣe "Àmín" tó mú kí bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú títì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, táyà bẹ́. Ìjọba sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi, ó pín obì díẹ̀ fún àwọn èrò láti fi ṣe wọ́n lóore. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò tán, ó ta ìdajì apẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ó bi mí bóyá mo rí bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é.

Jímọ̀, 10

Afárá Jẹ́bà. Ìjọba rí odò Ọya. Láti Ṣàgámù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dákẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀ títí a fi dé òdìkejì. Lẹ́yìn náà ló ní èmi lẹ̀rù ń bà, òun ń tù mí nínú ni.

A dé Bùsà nírọ̀lẹ́. Ìlú kékeré, títì rẹ̀ tọ́ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ìjọba gidi – kì í ṣe tèmi – ló kọ́ ọ nígbà tí adágún gba ìlú àtijọ́. Wọ́n ní ìlú yẹn wà nísàlẹ̀ omi dòní. Ìjọba tèmi ní kí wọ́n má sọ irú rẹ̀ létí òun mọ́.

A béèrè ilé tísà ẹja. Wọ́n fọwọ́ júwe rẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn.

Obìnrin ló ṣí i. Ó lóyún. Oyún tó ti délẹ̀.

Mo ń wo ikùn náà. Ìjọba ní tirẹ̀ ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, obì yí káàkiri àgbàlá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àlùhámúdùlílàhì! Fàtáì! Ọmọ mi ti ṣe é!" Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ikùn obìnrin olóbìnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Obìnrin náà ń wò mí. Èmi náà ń wò ó. Àdúrà ti dé orí ìbejì kí ọkùnrin kan tó jáde nínú yàrá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ìyàwó mi nìyẹn o."

Owólabí lorúkọ rẹ̀. Tísà ni, òun àti Fàtáì jọ ń gbé ilé kan náà. Láídé ni ìyàwó rẹ̀. Bí Owólabí bá wà lórí omi pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Fàtáì ló ń fi alùpùpù gbé Láídé lọ sọ́sibítù. Obìnrin tí Àlímì rí nìyẹn.

Ìjọba dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. Ó ní àdúrà kì í ṣòfò.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín nìkan kọ́.

Àbámẹ́ta, 11

Ọ̀gbẹ́ni Ẹja ti orí omi dé láàárọ̀, ó ti rù. Ó ń rùn bí ẹja. Inú mi dùn – n kò sọ fún un.

Àìkú, 12

Ó mú mi lọ sétí adágún. Omi lọ títí, ojú kò rí òpin rẹ̀. Àwọn apẹja ń tú àwọ̀n. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo gbé láti Ṣàgámù: kí ló dé tí kò wálé?

Ó fi òkò sọ omi, ó tún sọ òmíràn. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá wálé, Ìyá máa ń gbé orúkọ ọmọbìnrin kan kalẹ̀. Pé òun kò lè wo ojú Ìyá kí òun ní rárá. Pé òun kò sì ní sọ pé ó dáa láéláé. Nítorí náà, òun dúró síbí.

Ó rò pé inú mi máa dùn.

Mo ní, "O sá. O wá fi èmi sílẹ̀ pé kí n máa dá a lóhùn." A rìn wálé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, bí ẹni tó lọ sin òkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Àlejò. Alájì Sàláwù, ọmọ Ìpara, tó ti ń ta obì ní Bùsà láti ayé ìlú àtijọ́. Ó gbọ́ pé obìnrin Ṣàgámù kan gbé obì wọ̀lú. Ó wọlé, ó wo Ìjọba, ó pariwo: "Sàrátù!"

N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pe Ìjọba lórúkọ. Mo ń retí ààrá. Ààrá kò sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, ìsọ̀ ìyá òun ní Sábó ni Alájì ti máa ń ra obì, á yan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan ìyàwó.

Ọjọ́rú, 15

Alájì mú wàrà wá.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, Ìjọba gbé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀: ìwé, Kùránì, ìbàdí. Ọ̀gbẹ́ni Ẹja tẹjú mọ́ abọ́. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná." A jẹun tán. Ó dìde, ó lọ nu alùpùpù. Mo fọ abọ́ tagbáratagbára.

Ọjọ́bọ̀, 16

Alájì mú ẹja wá. Sílé tísà ẹja.

Jímọ̀, 17

Ìjọba lé tìróò. Ó bi mí kí ni mò ń wò. Mo ní n kò wo nǹkan kan.

Àìkú, 19

Ó yẹ kí n rọra kọ èyí.

Alájì wá lẹ́yìn ìrun àsárì, agbádá funfun, ó ń dán yinrin. Ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó tún dé e. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà. Fàtáì jókòó sílẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Alájì ní òun kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ojú òun ti wà lára Sàrátù láti ìgbà èwe, Ọlọ́run kò gbà nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí àlìjánnà, òun ṣì wà láyé. Òun fẹ́ ẹ.

Ìjọba wolẹ̀. Mo búra, ó wolẹ̀ bí ọmọge. Ó rọra ní, "Alájì, ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Èèyàn dáadáa ni. Mo ti sọ fún un. Ó ní kò burú, pé ẹ ó jọ máa gbé."

Ìjọba dìde dúró.

"Èmi? Èmi Sàrátù ọmọ Ojúọlá? Kí n máa bá obìnrin pín ọkọ? Kó dáná tirẹ̀ tán kí n tó gbé ìkòkò tèmi kaná? Láéláé! Kí lobìnrin yẹn fi ṣẹ̀ yín, Alájì? Ó ní kò burú – ṣé ẹ wojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́? Ṣé ẹ bi í bí inú rẹ̀ ṣe rí?"

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i. Ojú rẹ̀ rọra ń yí bọ̀ títí ó fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré wo ẹ̀wà. Mo ti da èyí tí mo ṣà mọ́ èyí tí n kò tíì ṣà.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi lanu. "Ìyá, ẹ dákun. Ohun tí mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ fún yín nìyẹn. Mi ò fẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Mi ò fẹ́ ẹnì kankan mọ́. Bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ, a ó dúpẹ́. Bí kò bá fún wa, Ìdíátù yìí náà ni ìyàwó mi." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àwọ̀n, ìkọ́ kan há mọ́ ọn láṣọ.

Ìjọba wọ yàrá lọ. Alájì rọra ń wá bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Ilẹ̀kùn yàrá ṣì wà ní títì. Mo gbé ẹ̀kọ síbẹ̀. Mo gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ni Láídé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, Owólabí wà lórí omi, alùpùpù kò ṣeé fi gbé e mọ́. Ìjọba gbọ́ igbe. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ti ká aṣọ rẹ̀ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó pàṣẹ omi gbígbóná, ó lé Fàtáì jáde, ó ní kí n di ẹ̀yìn Láídé mú.

Ọmọkùnrin. Ẹyọ kan. Ìjọba wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á, ó wò yíká pé ta ló máa gbé e. Ó gbé e fún mi. Mo gbà á mọ́ra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

A jọ ń fọ aṣọ ìkúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Láìwo ojú mi, ó ní, "Ọjọ́ tí bàbá Fàtáì mú ìyàwó kejì wọlé, ìyá ọkọ mi ní kí n lọ bu omi ẹsẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Mo bù ú. Mo dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ará ilé ní mo gbọ́n."

Ó fún aṣọ títí omi fi tán nínú rẹ̀.

"Mi ò gbọ́n. Ó rẹ̀ mí ni."

Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sá a. Ó ní mi ò sá a dáadáa. Ó tún un sá.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ìjọba ti lọ. Òun nìkan. Èmi dúró títí iléèwé yóò fi wọlé, ká tó mọ èyí tó kàn – Owólabí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nídìí títì ń wá tísà. Èmi ni mo sọ fún un fúnra mi pé mi ò bá a lọ. Mo rò pé yóò bínú. Ó ní kí ló dé tí mo fi pẹ́ kí n tó sọ ọ́.

Alájì wá sí gáréèjì pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ìjọba bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbí. Alájì ní ìyàwó òun ló di ẹja náà, ó ní, "Ẹ bá mi kí obìnrin tó gba ẹnu mi sọ̀rọ̀." Ìjọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ni. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún nígbà tó pe àwa méjèèjì súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa wálé. Ìgbà tó bá wù yín. Mi ò ní í sọ nǹkan kan fún yín mọ́."

Fàtáì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku gáréèjì. Mo kúnlẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbéra. Ó ti fẹ́ yà sójú títì nígbà tí orí Ìjọba tún yọ lójú fèrèsé, gèlè rẹ̀ ti wọ́.

"Mo lè sọ díẹ̀ o!"