Obì Tó Wọkọ̀ Lọ Bá Màmá

Bàbá mi àtàtà,

Ọkọ̀ yẹn ti rìn o! Mo ní kí n tètè sọ ọ́ fún yín kí ẹlòmíràn tó gbà á lẹ́nu mi.

Ẹ rántí ọkọ̀ akẹ́rù ìṣeré oní-rìmóòtù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì sí àwọn ìbejì mi. Ẹ ti tú u palẹ̀ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù yín kí àìsàn tó dé. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti mú yín lọ, Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti yí i kọjú sí ògiri, kí ojú wọn má baà ṣe kòńgẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń dùn mí gan-an. Nígbà tí Táyé bẹ̀ wọ́n títí nípa ọkọ̀ náà, wọ́n kàn ṣe hùn. Mo ní ẹni tó ṣe hùn ti gbà nìyẹn.

Gíà kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá kò wọ gíà ńlá tó ń yí táyà ẹ̀yìn dáadáa. Eyín wọn ń yọ̀, ó ń ké kàrà-kàrà. Mo gé wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára agolo mílíìkì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti Lánlátẹ̀, mo kó wọn sẹ́yìn gíà ńlá kó lè sún mọ́ kékeré. Aránṣọ ni mí, ẹ kúkú mọ̀ mí: gbogbo nǹkan ni mo fẹ́ kó le dan-in. Mo fún un jù. Ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò kúrò lójú kan. Kẹ́hìndé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni mo rántí bébà páálí ṣúgà tí ẹ máa ń fi sáàárín eyín gíà. Bó bá ya, ó fún jù. Bí eyín kò bá hàn lára rẹ̀, ó dẹ̀ jù. Tèmi ya pẹ́rẹ́. Mo yọ wáṣà kan, mo tún fi bébà sí i, eyín sì hàn roro. Mo wá rọra ń yí táyà, mo dijú, mo yanu bíi tiyín. Ṣé ẹnu náà ń gbọ́ràn ni, Bàbá? Èmi ṣáà gbọ́ ọ: eyín gíà mì díẹ̀ kí wọ́n tó gbá ara wọn mú.

Irú obì tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mú bọ̀ fún Màmá lálaalẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń pín jẹ, mo fi ọ̀kan sẹ́yìn ọkọ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Táyé tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ la àgbàlá kọjá, adìẹ ń sá kíjokíjo, ọkọ̀ fi orí gbá àpótí Màmá. Wọ́n yíjú. Wọ́n wo obì, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nídìí wọn! Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Wọ́n pa obì náà, wọ́n jẹ awẹ́ tiwọn. Wọ́n fi tiyín padà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì nawọ́ sí Táyé pé kó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni ọkọ̀ bá níbẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ o, Bàbá mi. Ẹ má bínú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó ti ń yanu ṣiṣẹ́.