Ahun tí mo dá padà sódò

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Mo ti fi ọṣẹ fọwọ́ tì, òórùn ẹrẹ̀ odò ò kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀, bàbá Rahina gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, à ń lọ sọ́jà Tchamba. Lẹ́bàá odò, a rí ahun kan lójú títì. Ó kẹ́yìn sómi, ó ń wọ́ lọ sápá oko iṣu. Mo ní kí wọ́n dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e.

"Ìyá Rahina, ibi tó dojú kọ ni kó o gbé e lọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà! Kí ni ahun odò ń wá láàárín ebè? Ẹni tó bá rí i á sè é jẹ ni." Mo dá a padà sétí omi. Inú mi dùn títí a fi dọ́jà.

Nígbà tí à ń bọ̀, ojú títì náà la tún bá a. Kámíò akẹ́rù kan ti tẹ̀ ẹ́. Ẹyin funfun fọ́ yí i ká.

Ilẹ̀ gbígbẹ tó máa yé sí ló ń wá. Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán kí n tó gbé e!

Ká ní bàbá Rahina tiẹ̀ bú mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.