Èsì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Àwọn olùwádìí kan dé láìmú òṣìṣẹ́ dání, ni wọ́n bá ní kí n máa bi àwọn aláìsàn ní ogójì ìbéèrè. Mi ò gbọdọ̀ dá sí ohun tí aláìsàn bá sọ títí ìbéèrè yóò fi parí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, èmi ṣáà ń gbé e.

Láàárín ìbéèrè, aláìsàn kan tó jẹ́ télọ̀ sọ fún mi pé, "Àǹtí, ọkàn mi tún ti ń fà sí nǹkan yẹn."

Mo ní, "Àbúrò mi, jẹ́ ká parí èyí ná."

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni pé bí ọkàn rẹ bá ń fà sí i, ta lo máa sọ fún. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pè mí sí wọ́ọ̀dù nìyẹn, torí àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí n tó padà, ó ti jáde kúrò nílé ìtọ́jú. Ọjọ́ kẹta la gbọ́ pé oògùn yẹn ti pa á.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ìyá rẹ̀ máa wá kó ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí bóyá ọmọ wọn sọ fún ẹnì kankan, ẹ̀yin ará, kí ni kí n wí?